Bọ́ọ̀sì Tí A Ti Dúpẹ́ Rẹ̀ Kó Tó Wọ̀lú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí bọ́ọ̀sì kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnu ara mi ni mo fi ń ròyìn rẹ̀, kì í ṣe ẹnu lọ́yà!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Òkokomáìkò mọ̀ pé awakọ̀ ni mí. Ata, gààrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń kó wá láti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Ìgbẹ́sà. Ṣé ẹ mọ ọ̀nà oko wọ̀nyẹn lásìkò òjò? Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ní ẹnu, ó ń gbé táyà mì ni!

Lásìkò òjò kan báyìí, bọ́ọ̀sì tí mò ń wà rì síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ata rodo. Kí a tó rí katakata tó fà á jáde, ata ti jẹrà, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Màmá tó ni ata náà kò bú mi. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà fún bọ́ọ̀sì fọwílì, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, tí ẹrẹ̀ kì í rí gbé ṣe.

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbùkún, ọmọ Àgbádárìgì ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Màútín, ń ṣiṣẹ́ nídìí mọ́tò tòkúnbọ̀ ní Kútọnu. Òun ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Bọ́ọ̀sì Jàpáàn ni, ó ti pẹ́ láyé, àmọ́ ó dúró gírígírí lórí táyà rẹ̀ bí àgbò iléyá. Fọwílì gidi! Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Mi ò béèrè ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí n tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà wa ní Ìbà, ìyàwó mi ti dìde láti jẹ́rìí. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Kò sọ pé Olúwa máa fún wa ní mọ́tò o. Ó ní Ó ti fún wa! Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a máa ń fi ìgbàgbọ́ dúpẹ́ kí nǹkan tó dé. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà mẹ́ta.

Ìyá Ìjọ, màmá àgbàlagbà tó ń ṣe olórí àwọn obìnrin wa, ní kí a gbé e wá lọ́jọ́ Ìkórè, kí wọ́n lè fi omi àdúrà wọ́n ọn. Wọ́n ní kí n sì múra láti ro ọ̀nà tó gbà dé. Àṣà wa ni. Ẹni tó bá gbé ohun tuntun wá síwájú pẹpẹ gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kì í fo ibì kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba ọ̀dọ̀ Àlàájì kan lọ ní Ìyànà-Ìbà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá èèyàn gba mọ́tò jáde ní wọ́ọ̀fù. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbùkún, bọ́ọ̀sì yín yìí dára. Ẹ jẹ́ kó máa dára níbi tó wà!"

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé òfin kò gbà kí mọ́tò tòkúnbọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, ojú omi nìkan ni. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá èyí tí ìjọba gbà. Wọ́n tún ní ṣé mi ò rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ wà? Wọn kì í gba ìyẹn náà. Mo ní kí ló wá kù tó dára lára rẹ̀? Wọ́n ní ọ̀dà rẹ̀!

Ẹ̀yin ará, oorun kúrò lójú mi. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò ní mọ ibi tí mò ń lọ. Mo gbé gààrí onígààrí délé láìmọ̀, ó tún di kí n máa bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá dé Òkokomáìkò, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi á máa kígbe pé, "Bàbá Fọwílì! Ọjọ́ wo la ń jẹ ìrẹsì ẹ̀?" Ìkórè sì ń sún mọ́lé. Báwo lèèyàn ṣe ń gba Halelúyà padà lọ́wọ́ ìjọ?

Màútín ló pè. Ó ní kí n má dààmú, òun mọ àwọn onífàyàwọ́ kan tó ń gba ọ̀nà igbó. Ó ní lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, bọ́ọ̀lù ńlá kan máa wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni kò ní wo ojú ọ̀nà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà. Ẹ dákun, àdúrà wo? Mo kúnlẹ̀, mi ò rí ohun tí màá sọ. Ṣé kí n ní kí Olúwa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà dùn ni?

Síbẹ̀, nígbà tí Sátidé náà pé, mo lọ bá Màútín ní Kútọnu.

Ọ̀kan nínú àwọn onífàyàwọ́ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Kápútéènì, ló di sítíárín bọ́ọ̀sì náà mú. Màútín wà lẹ́yìn. Èmi jókòó sápá òsì, níbi tí awakọ̀ máa ń wà nínú mọ́tò tiwa, àmọ́ ọwọ́ mi kò rí nǹkan dì mú. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀!

"Bàbá, tí wọ́n bá dá wa dúró, òkú lẹ fẹ́ lọ sin o," ni Kápútéènì wí. "Ẹ fajú ro."

"Òkú ta ni?"

"Òkú ẹni tó bá wù yín! Ṣé ẹ ò ní àna tó ti kú ni?"

"Àna wọn rèé, mi ò tíì kú o!" Màútín pariwo láti ẹ̀yìn.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò jáde lẹ́nu tèmi.

Bọ́ọ̀sì yẹn ń gun ẹrẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń gun òkìtì. Ó wù mí, ó sì ń dùn mí! Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ dán ẹ̀rí tí màá jẹ́ lọ́jọ́ kejì wò. "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dìde láti dúpẹ́. Lánàá, nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, a..." Ẹnu mi kọsẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. "Lánàá, Olúwa fi ọ̀nà igbó kan hàn wá, a sì fajú ro bí ẹni tó ń lọ sìnkú..." Háà! Níwájú pẹpẹ? Pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn?

Mo ní, "Kápútéènì, dúró. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé ìtọ̀ ni?"

"Rárá. Ilé ni mò ń lọ."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí Màútín. "Ṣé ara àna ẹ yìí yá báyìí?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́!" Ohùn Màútín ti yí padà. "A ò tíì rí ẹnì kankan! Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní kí ó sọ pé èmi ni mo ní kí ó dá mọ́tò náà padà. Mo fẹsẹ̀ rìn jáde sí títì, mo sì gba ẹnubodè gidi wọlé, èmi àti ìwé ìrìnnà mi, láìsí mọ́tò.

Nígbà tí mo délé, aṣọ funfun mi ti wà lórí àga, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Èso ìdúpẹ́ kún abọ́. Ìyàwó mi yọjú síta láti wo mọ́tò. Ó tún yọjú. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan nínú èso ìdúpẹ́, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán.

Ó wá ní, "Ó dáa. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí yẹn. A jọ máa dúró ni."

A sì jọ dúró. Mo sọ fún ìjọ pé mọ́tò kò dé, mo sì sọ ohun tó dá a dúró. Ni bọ̀dá kan bá ní láti ẹ̀yìn pé, "Halelúyà mẹ́ta tí a ṣe ńkọ́? Ṣé kí a gbà á padà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì!

Ìyá Ìjọ dìde. "Ẹ dákẹ́ ariwo. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe tigbóbọ̀. Ẹ fi Halelúyà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́tò á wá bá a."

Màútín ta bọ́ọ̀sì náà fún obìnrin ẹlẹ́ja kan lọ́hùn-ún. Ó bínú sí mi fúngbà díẹ̀, àmọ́ ó dá owó wa padà. Mo gba ọ̀dọ̀ Àlàájì lọ, mo ní kí wọ́n bá mi wá èyí tí òfin gbà.

Ẹ̀yin ará, ìgbà yẹn gan-an ni àìbalẹ̀ ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀! Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Ìyá Ìjọ ń bi mí pé ibo ló dé. Ó wà lójú omi, Mà. Ó ṣì wà lójú omi, Mà. Ó ti dé wọ́ọ̀fù, Mà. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Mà. Bí òjò bá ti ṣú, màá rò pé ọkọ̀ òkun ti rì. Bí Àlàájì bá pè, màá kọ́kọ́ pe orúkọ Jésù kí n tó gbé e.

Ó dé. Jàpáàn náà ni, fọwílì náà ni. Kì í ṣe tuntun, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ bófin mu, ọwọ́ òsì sì ni sítíárín rẹ̀ wà. Màmá alata yẹn ló kọ́kọ́ kó ẹrù sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi omi àdúrà wọ́n ọn, mo ro ọ̀nà tó gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí igbó tí mo ti sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ sórí Àlàájì, mo dé orí òkun, mo kan wọ́ọ̀fù, àwọn aṣọ́bodè, owó bodè tí a san, ìwé tí wọ́n ní kò pé, àti bí ó ṣe wá pé. Àwọn ọmọdé ti sùn. Àwọn akọrin fi orin gé mi lẹ́nu! Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí.

Mo sì parí o. Kò sí ibì kankan tí mo fò.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ ṣáájú, èmi náà ṣì ń ṣe é. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n tó gba ọ̀nà kan, kí n kọ́kọ́ dán ẹ̀rí rẹ̀ wò lẹ́nu. Bí ẹnu bá ń kọsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tètè padà. Àti pé, ẹ dákun, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dúpẹ́ ohun tí kò tíì dé rí, tí gbogbo àdúgbò wá ń bi í pé ibo ló wà? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á bí mo bá ti já ata òní tán.