Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Gbà Nídìí Fìlà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi wé ti àwọn tó mọ ìwé kọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo dé nílé ẹ̀kọ́ girama kí bàbá mi tó kú, láti ìgbà náà, ohun tí mo ń fọwọ́ ara mi kọ kò ju àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù lọ. Bí gbólóhùn mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ, kí ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Iṣẹ́ títẹ ìwé ni mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Bẹẹrẹ. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀, ọ̀gá wa ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì ánálísìtì. Ẹni tó bá ń ṣe é á wọ ibi iṣẹ́ ẹlòmíì, á wo bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, á wá ibi tó ti ń há, á sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Èmi ni mo ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, mo rọra bi ọ̀gá wa pé kí ló dé tí ojú ewé kan fi tako èkejì. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ ojú ewé méjèèjì wò.

"Ṣé o máa ń ka ohun tí ò ń tẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní kí n máa gòkè wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Àwọn tó kù níbẹ̀ ti jáde yunifásítì. Èmi kì í sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá ti ní ta ló fẹ́ dáhùn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ń yé mi, mo sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ju ohunkóhun tí mo ti fẹ́ rí lọ, torí pé gbogbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ti gbà pé ìdí ìwé títẹ̀ ni màá wà títí màá fi wọlé ọkọ.

Kí èèyàn tó gba ìwé ẹ̀rí náà, ó gbọ́dọ̀ yan oníṣòwò kan, kó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó wá ṣàlàyé ohun tó rí níwájú àwọn tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà bá rán wá. Oníṣòwò náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e wá, kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí. Bí kò bá jẹ́rìí, asán ni gbogbo rẹ̀.

Mo yan Àlàájà kan tí wọ́n ń ta fìlà ní Ọjà'ba. Àwọn ìyàwó ilé wọn ní Bẹyẹrunkà ló ń rán an. Àlàájà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á fi okùn wọn orí rẹ̀, wọ́n á kó aṣọ àti okùn ránṣẹ́ sílé. Mo jí lọ bá wọn láàárọ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì béèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Àlàájà, kí ni ìṣòro tó ń bá òwò yín fínra?"

Wọ́n dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró.

"Bísímílà! Mi ò tíì ta ọjà àárọ̀, ò ń ka ìṣòro sí mi lọ́rùn? Ta ló sọ fún ọ pé mo ní ìṣòro?"

Ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i. "Ẹ bu omi wọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ojú wọn tutù, ẹnu wọn gbóná."

Mo sá kúrò níbẹ̀. Kí n tó dé Mápó ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ta ló ń bi oníṣòwò léèrè ìṣòro kó tó ta àkọ́tà? Nílé wa pàápàá, bí ìjì bá gbé òrùlé lọ lóru, tí aládùúgbò bá béèrè pé ṣé kò sí, a ó ní kò sí, a dúpẹ́. Mo ti fi ẹ̀kọ́ ìwé gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀gá wa ní kí n wá oníṣòwò mìíràn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè tún bá àjèjì sọ̀rọ̀. Mo padà lọ bá Àlàájà lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Ìwọ ọmọ ìṣòro, ṣé o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Jókòó. Bá mi gé òwú tó yọ lára àwọn wọ̀nyí."

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kúrò ní Bẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ. Mi ò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ò nira fún ẹni bíi tèmi. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan mú fìlà tuntun wọlé, ó gbé e lé orí, fìlà náà jókòó téńté sókè bí ẹyẹ.

"Àlàájà, ṣé ọmọ mi lẹ rán an fún ni?"

"Orí yín ló wú, Bàbá. Owó ti wọ̀ ọ́."

"Owó wo? Orí tí mo gbé wá níjọ́sí náà ni mo tún gbé wá o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àlàájà sì gba fìlà náà padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kì í ṣe fìlà bàbá yẹn nìkan ló ń padà wá. Mo bá wọn gbé ẹrù dé Bẹyẹrunkà, ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Inú abọ́ kan ni wọ́n ń da okùn orí gbogbo oníbàárà sí, funfun sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń rán fìlà á mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé díẹ̀ létí aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo ń so ó mọ́ okùn rẹ̀, kí ẹni tó ń rán fìlà lè mọ okùn tó bá aṣọ wo rìn. Kò sẹ́ni tó rán mi. Lọ́jọ́ kan Àlàájà gbé ọ̀kan sókè.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "So àwọn tó kù."

Lẹ́yìn ìyẹn, fìlà ò fi bẹ́ẹ̀ padà wá mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jẹ́rìí mi, wọ́n ní, "Léèsì mi wo ni kí n wọ̀?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n wọ léèsì lóòótọ́. Mo lẹ àwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń lọ mọ́ ògiri, mo ṣàlàyé rẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn tó wá dán wa wò yíjú sí Àlàájà.

"Mà, ìṣòro wo ló wà nínú iṣẹ́ yín kí ọmọ yìí tó dé?"

"Ìṣòro? Kò sí ìṣòro kankan. Àlùhámúdùlílàì."

"Ó ní fìlà máa ń padà wá."

"Fìlà ta ni? Tèmi kọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá wa fọwọ́ bojú. Obìnrin náà ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé bó bá fi lè kọ ọ́ tán, iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè bínú sí Àlàájà. Ta ló máa wọ léèsì jáde láti wá tú àṣírí òwò rẹ̀ fún àjèjì?

Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi débẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni iṣẹ́ ṣe rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Ojú wọn tàn. "Háà, Ọlọ́run ṣeun! Ó ti dùn. Oníbàárà á dé fìlà rẹ̀, á bá a mu wẹ́kú, á lọ. Kò sí pé à ń tú, à ń tún un rán. Àwọn ìyàwó ilé wa ò tiẹ̀ bára wọn jà nítorí okùn mọ́. Ọmọ yìí ló so aṣọ mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ báyìí ló ṣe é, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fagi lé ohun tó ti kọ. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Mo dáhùn àwọn kan. Mi ò mọ èyí tó kẹ́yìn rárá, mo sì sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Mi ò ṣe ipò kìíní, mi ò ṣe ipò kejì, àmọ́ mo yege. Ọ̀gá wa fún mi ní ìwé ẹ̀rí náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan wà ní Òkè Bọ́lá tó ń wá ẹni tó máa bá wọn wo bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn á mú mi lọ, àwọn á sì gbẹnu sọ fún mi níbẹ̀, torí pé àwọn mọ̀ pé ojú máa ń tì mí. Nígbà tí mo délé, ìyá mi fọwọ́ pa ìwé náà wò bí ẹni ń wo aṣọ tuntun. Wọ́n ní, "Ṣé o ò ní tẹ̀wé mọ́ nìyẹn?" Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Mi ò dúró de ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wé ìborùn mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Òkè Bọ́lá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun ti bo apá ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo ní ọ̀gá wọn ni mo wá rí. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo tún un sọ.