Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Bá Bèbí Sọ̀rọ̀

Tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Oregun, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ẹnu mi mú, inú mi sì máa ń tètè ru. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù níbi iṣẹ́ ni ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ tí à ń ṣe fáwọn ọmọ kékeré. A ó ní kí wọ́n ka ení, èjì dé ogún, kí wọ́n dárúkọ ẹ̀yà ara, a ó sì fún wọn ní máàkì. Ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀ sísọ? Ayékòótọ́ náà lè ṣe é.

Ní sáà tó kọjá, mo mú bèbí aláṣọ kan wá láti ilé. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé e, kó bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ sára bọ́ọ̀dù: kí ọ̀rọ̀ já geere, kí ohùn lọ sókè, kó wá sílẹ̀ bó ṣe yẹ, kí Gẹ̀ẹ́sì má wọ̀ ọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ìyá Ìjẹ̀bú kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, wá jókòó sẹ́yìn láti wò ó.

Kí n má parọ́, torí ọmọ mi ni mo ṣe ń ṣakọ. Ó wà ní kíláàsì yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń bá a sọ nílé, kó lè tètè já fáfá, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi sì ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àńtí Yorùbá, ọmọ yín ò gbọ́ Yorùbá! Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde?" Mo fẹ́ kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lójú ọ̀gá. Mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: "Bèbí mi, ṣé o ti jẹun? Wá sùn, ọmọ mi."

Ọmọ àkọ́kọ́ ní, "Bèbí, jẹ ráìsì ẹ." Èkejì ní, "Bèbí, ẹ káàárọ̀ mà," gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá kan ọmọ mi. Ó dúró gbagidi, ó ti gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ. Mo ní kó má bẹ̀rù, kó sáà ṣe bí ìyá. Ojú rẹ̀ wá là. Ó gbé bèbí ka orí tábìlì, ó fà á létí, ó fi ìka ti awò tí kò sí lójú rẹ̀ sókè, bí mo ṣe máa ń ti tèmi, ó pòṣé.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ṣé mi ò ní kí o wọ bàtà ni? O wá ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá! Olórí kunkun! Màá gbá ẹ létí, wàá rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan! Torí ẹ ni mo ṣe máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kí ni mo tiẹ̀ ṣe fún Ọlọ́run gan-an?"

Kò kọsẹ̀. Kò lú Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ohùn náà lọ sókè, ó wá sílẹ̀, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò mí, torí kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ohùn. Ojú tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Àṣé mo ń bá ọmọ mi sọ Yorùbá nílé lóòótọ́, nígbà tí inú bá ń bí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kẹ́ ẹ.

Ọ̀gá dìde, ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, ó rọra ní, "Gbogbo ohun tí o kọ síbí ló ṣe. Fún un ní máàkì ẹ̀." Ì bá sàn kó bú mi. Mo fún ọmọ ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, inú tirẹ̀ sì ń dùn.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí a délé ní Ifákò, mo dín dòdò tó fẹ́ràn. Ó ń ya àwòrán nílẹ̀ pálọ̀. Mo ti pinnu pé Yorùbá ni màá máa fi kẹ́ ẹ láti ọjọ́ náà lọ. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo pè é: "Ọmọ mi, ọmọ mi àtàtà, wá jókòó tì mí."

Ó fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó wò mí fìrí, ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó dijú.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò ní ṣe é mọ́."