Ẹ̀wù Ìrépé Tí Mo Rán fún Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ọ̀mù-Àrán, kò sí ọmọdé kan tó mọ abẹ́rẹ́ lò tó mi. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o. Ìwé tí mo kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé òótọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Bàbá mi ni aránṣọ tí àwọn ìjòyè ń wá bá láti Èsìẹ́. Ọwọ́ Bàbá ni èmi àti Àjàlá, ọmọ ìyàwó wọn kejì, ti kọ́ṣẹ́. Bí a bá ti fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ó jókòó sí, a ó máa rán òfì pọ̀. Bí rírán rẹ bá wọ́, Bàbá á ní, "Tú u." O ò sì ní jẹun ọ̀sán títí yóò fi gún. Àjàlá tú aṣọ títí ìka rẹ̀ fi bó. Èmi kì í tú.

Ìrépé aṣọ tó bá kù, inú agbọ̀n kan ni Bàbá ń kó o sí. Inú rẹ̀ ni gbogbo ọmọ tuntun ilé wa ti ń rí ẹ̀wù. Ẹni tí ọmọ bá wọ ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ni yóò máa rán aṣọ fún un títí di ọjọ́ tó bá gbéyàwó tàbí tó bá lọ sílé ọkọ.

Nígbà tí ìyá tó bí mi bí obìnrin, Bàbá ní kí àwa méjèèjì rán ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Ìrépé àlàárì ni mo ṣà, ó pupa yòò. Mo ṣe ọnà sí ọrùn rẹ̀ bíi ti agbádá ìjòyè. Kíjìpá tó ti ṣá ni Àjàlá mú ní tirẹ̀. Ó fi èjìká kan sílẹ̀ láìrán, ó wá fi okùn méjì sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Àjàlá, ṣé àpò iyọ̀ lo rán ni?"

"Ọmọ ló máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe ìwọ," ló fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá àgbà, ìyá Bàbá mi, gbé ọmọ sórí itan. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú, gbogbo èrò sì ké, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́!" Wọ́n fi bọ̀ ọ́ lórí, ó há síwájú orí. Wọ́n fà á, ọmọ figbe ta.

"Àkànní," ni Ìyá àgbà wí, "ọrùn ìjòyè lo wò o. O ò wo orí ọmọ tuntun bó ṣe tóbi tó?"

Ẹ̀rín sọ. Mo ní kí wọ́n tún un fà díẹ̀ sí i.

"Ẹ mú ti Àjàlá wá, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá mi wí. Ìyá tèmi! Wọ́n so okùn èjìká náà, ọmọ sì dákẹ́ wẹ́lo. Àádùn kún ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, adìyẹ ni mo dà á fún.

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń dàgbà, ọdọọdún ni Àjàlá ń rán aṣọ ọdún fún un. Ọmọ náà á sáré kọjá lójú mi, á lọ rọ̀ mọ́ Àjàlá lọ́rùn.

Láyé ìsinsìnyí, aṣọ òyìnbó tó ń ti etí òkun wá ti pọ̀ lọ́jà, adìyẹ ló ń fẹsẹ̀ tú ìrépé káàkiri àgbàlá. Àṣà ilé wa yẹn náà ti parẹ́, ẹni tó bá wu ìyá ọmọ ló lè ránṣọ fún ọmọ rẹ̀. Ìjòyè wo ni kò tíì wọ iṣẹ́ mi? Ta ló ń pe Àjàlá sí agbádá? Àbúrò mi yìí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo rán ẹ̀wù kan tí orí ìbejì lè jọ gba ọrùn rẹ̀ kọjá, mo fi rán ìyàwó mi sí i. Ìyàwó mi padà dé, ó kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn rán lọmọ máa wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní kí tiyín wà di ọjọ́ mìíràn."

Ẹ̀gbọ́n wọn wo? Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà ńkọ́?