Ilé-Ìwé Tí Kò Dẹ́rù Ba Ọmọ Mi

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìdánwò létí àkọ́bí mi, inú rẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Mi ò sọ àsọdùn. Tí olùkọ́ bá ní ìdánwò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, láti Sátidé ni oúnjẹ ò ti ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ náà, á bì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń nu èébì yẹn. Mo fún un lóògùn ibà, mo fún un lóògùn aràn, àwọn kan tilẹ̀ ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò nílé. Ilé wo? Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ̀rù ni.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kì í ṣe olódo. Onídìrí ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Banjul, olú-ìlú Gáḿbíà, ọmọ náà ló sì máa ń bá mi tún díráyà tí mo fi ń gbẹ irun ṣe tó bá bàjẹ́. Láti kékeré ló ti máa ń tú u palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, á to àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà mi á máa pariwo pé iná á gbé e, èmi náà á bá wọn pariwo, òun á kàn dáhùn pé, "Mọ́mì, mo ti yọ ọ́ lára iná." Kí a tó mọ̀, atẹ́gùn gbígbóná ti ń fẹ́ síni lórí.

Ṣùgbọ́n Dókítà ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti ọjọ́ ìkómọ. Gbogbo àwa Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Old Jeshwang náà sì gbà á lẹ́nu bàbá rẹ̀. Dókítà, wá gba bisikíìtì. Dókítà, ṣé o ti jẹun? Ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní dókítà kó tó hu eyín, níbo ni yóò gbé e gbà?

Ní Gáḿbíà, ọmọ tó bá ti dé ìparí kíláàsì kẹsàn-án gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìjọba kan. Èsì rẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé gírámà àgbà máa ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ. Ilé-ìwé ńlá kan wà tí gbogbo òbí ń dù nígbà náà, àwọn tí èsì wọn bá dára jù lọ nìkan ni wọ́n ń mú. Ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní físíìsì, ti fọkàn sí i pé ibẹ̀ ni Dókítà ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà ti fọkàn sí i. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti fọkàn sí i. Ẹni tí yóò jókòó kọ ìdánwò nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bi léèrè.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánrawò fún wọn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi rílásà pa ìyá Aku kan lórí, àwọn onílùú Banjul àtijọ́ yẹn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ara Yorùbá, tí wọ́n máa ń kí mi ní "kúṣẹ́" bí wọ́n bá ti wọlé. Fóònù mi dún. Wọ́n ní ọmọ mi bì sórí ìwé ìdánwò, ó sì ṣubú lulẹ̀. Háà! Mo ju kóòmù nù. Mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi bá mi fọ orí ìyá náà kó tó jó o, mo sì sáré jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ funfun. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú."

Kí n má bínú! Ọmọ ń ṣàìsàn, ó ń bẹ̀ mí! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébì lọ. Nínú gẹ́lẹ́-gẹ́lẹ́, ọkọ̀ akérò kékeré tí a ń wọ̀ padà sílé, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo sì sọ fún ara mi pé ó parí. Bí gbogbo ayé bá fẹ́, kí wọ́n bínú sí mi, mi ò ní jẹ́ kí ìdánwò pa ọmọ yìí lójú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé àga sí iwájú ọkọ mi.

Mo ní, "Dádì wọn, ọmọ yìí ò ní lọ síbi tí ẹ fẹ́ yẹn ní tipátipá."

Ó ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ tipátipá? Ṣebí ó ní ọpọlọ."

"Ọpọlọ wà níbẹ̀. Inú ni ò gbà á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìdánwò wo ló pa èèyàn rí, ìyá ọmọ mi?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tí ẹ̀yin ò bá sí lọ́jà, èmi wà níbẹ̀."

Ó fi ìwé ìròyìn bojú. Kì í ṣe èèyàn búburú o. Ìdánwò ló gbé e jáde lábúlé wọn, òun nìkan ló yege nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀nà mìíràn lójú rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà, èmi sì ti pinnu.

Ìpinnu mi ni pé a ó kọ́kọ́ fi ojú wa wá ilé-ìwé ná, kí ìdánwò tó dé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Tí ọmọ bá ti jáde ní sùkúù, mo ń dúró dè é lẹ́nu géètì, àwa méjèèjì a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ilé-ìwé ńlá náà la kọ́kọ́ lọ, kí ó má baà dà bíi pé mo ń sá fún un. Ọgbà wọn mọ́, òdòdó wà níbẹ̀. Ìyá kan wà ní ọ́fíìsì tó béèrè èsì ọmọ títí, kò wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ọmọ mi tó wà nínú tèmi ti tutù, ó ti rin. Mo dúpẹ́, mo fà á jáde.

Ìkejì kò jìnnà sílé wa. Àwọn ọmọ kún inú kíláàsì bíi gẹ́lẹ́-gẹ́lẹ́ àárọ̀, àwọn kan jókòó sórí fèrèsé. Mo wo ọmọ mi, ọmọ mi wò mí, ni a bá jọ bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìkẹta wà ní Banjul, lẹ́bàá èbúté tí àwọn èèyàn ti ń wọ férì lọ sí Barra. A ti kọjá ọgbà ẹ̀wọ̀n Mile Two kí n tó rántí pé mi ò tilẹ̀ mọ àdírẹ́sì ibẹ̀ dáadáa. Àwọn alárùú ń ké kí a yà lọ́nà, àwọn tó ń ta ẹ̀pà ń fà mí láṣọ, a ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dúró. Nígbà tí a wá rí i, kò ju ilé alájà kan lọ, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Mo ní nínú mi pé, ṣé èyí náà ni ilé-ìwé?

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Abẹ́ páànù kan ni àwọn ọmọ yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ká, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Wọ́n ti tú u palẹ̀. Olùkọ́ wọn wọ káfútáànì tí epo ti bàjẹ́, ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tó fà á tí kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ mi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Kó tó di pé mo sọ pé "dúró", ó ti wọ àárín wọn, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń nawọ́ sí nǹkan. Ẹnikẹ́ni ò lé e. Olùkọ́ náà kàn sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó fún un láyè, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Èmi dúró sínú oòrùn títí ọmọbìnrin kan fi gbé àpótí wá fún mi.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo fi Wólóòfù, èdè ìlú náà, tó ń tiro lẹ́nu mi bẹ̀rẹ̀, òun fi Gẹ̀ẹ́sì gbà mí sílẹ̀. Mo béèrè irú èsì tí wọ́n ń fẹ́.

Ó ní, "Kó ṣáà ti yege. Ohun tí a máa ń béèrè ni bóyá ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ wà níbí."

"Ṣé ó dá yín lójú? Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ à-ń-tan-ra-wa o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti rí bó ṣe ń ṣe lẹ́yìn ilé. Mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ìyá."

Nígbà tí a jáde, ọmọ mi ní ebi ń pa òun. Mo ra búrẹ́dì tí wọ́n fi àkàrà sí láàárín fún un, ó jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀, ó sì ní kí n fún òun ní èyí tó kù lọ́wọ́ mi.

Ó wá ku Sunday bírò. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará ilé wa yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, àwọn ọmọ á kó bírò wọn wá síwájú pẹpẹ, pásítọ̀ á ta òróró sí i, á gbàdúrà. Kò burú. Èyí tó burú lójú mi ni pé lẹ́yìn àdúrà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba máìkì, á kéde ilé-ìwé tó ti fi ìgbàgbọ́ gbà, ìjọ á sì ké "Àmín!" Lẹ́yìn èyí, bí ọmọ náà kò bá débẹ̀, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó jókòó sílé, èmi yóò rí ohun tí n ó sọ fún wọn.

Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé mo sá."

Pásítọ̀ na máìkì sí i. "Dókítà wa! Ilé-ìwé wo?" Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn èèyàn ti gbé "Àmín" sẹ́nu. Ọmọ náà dárúkọ ilé-ìwé ẹ̀bá èbúté.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ń béèrè pé, "Èwo nìyẹn?" Mo dìde. Mo ní, "ÀMÍN!" Ariwo náà jí ọmọ ọwọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá àgbà kan níwájú wá ṣe àmín tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó jọ pé àánú mi ló ṣe é.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ní, "O dójú tì mí láàárín ìjọ."

Mo ní, "Ojú a máa ti èèyàn, á sì lọ. Ọmọ ni mi ò ní òmíràn irú rẹ̀."

Mo se ìrẹsì, mo bù ú fún un, ó kọ̀yìn sí mi jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, mo fòfin de ọ̀rọ̀ ìdánwò nínú ilé mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ máa pè láràárọ̀ láti Abẹ́òkúta kí ó fi àdúrà gbé e dìde. Mo pa fóònù. Kó bínú. Àwọn aládùúgbò wá kí Dókítà kú ìmúrasílẹ̀. Mo ní ó ń sùn, bẹ́ẹ̀ ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ọ̀kan nínú wọn ṣe. Láràárọ̀, ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, ó lọ. Kò bì. Tó bá dé, mo máa ń bi í pé kí ni yóò jẹ, mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí èsì jáde, ọkọ mi ló lọ wò ó. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òpópónà. Ó ń jó bọ̀! Ọmọ náà ṣe dáadáa débi pé ilé-ìwé ńlá yẹn gan-an yóò gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Àwọn èèyàn kún iwájú ilé wa. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, ọkàn tèmi náà fò sókè. Mo ti ń rí ara mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń sọ ibi tí ọmọ mi ń lọ fún oníbàárà bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Ayé dùn mọ́ mi lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan.

Ọkọ mi ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣé o ti wá rí i? Gbogbo ariwo tí o pa yẹn! Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni mo máa mú un lọ sí ilé-ìwé ńlá."

Mo ya ẹnu láti fèsì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ náà ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ọmọ yìí ò fèsì sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ rí láyé.

Ó ní, "Dádì, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Torí mo mọ̀ pé mi ò ní lọ síbẹ̀ ni mo fi lè kọ ìdánwò náà."

Ijó dúró. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ṣé bí ẹ̀rù ṣe ń bà ọ́ tó nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí o kò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ, Dádì. Mọ́mì ló gbọ́."

Ọkọ mi jókòó. Ó wo ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

Ó ní, "Dìde nílẹ̀. Ilé-ìwé tìrẹ dà? Wọ bàtà, wá mú mi lọ wò ó."

Àwọn méjèèjì jáde. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aládùúgbò lójú, mo jókòó, mo sì sunkún dáadáa.