Ojú Ọ̀tún Mi Lábẹ́ Ìtànṣán

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, mo ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ní Festac. Eruku kó sí mi lójú òsì, mo pa á dé, ni gbogbo orúkọ inú ìwé bá dàrú mọ́ mi lójú. Ojú ọ̀tún kò rí wọn mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹran pupa kékeré kan ti hù sí funfun ojú náà, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi dúdú. Oníkẹ́mísì àdúgbò wa ní kò tó nǹkan, ó ta oògùn fún mi, mo sì ń kán an. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ara mi ni mo ń tàn.

Dókítà ojú gé bíńtín nínú ẹran náà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èmi àti Gbénga, ọkọ mi, padà lọ, kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

“Jẹjẹrẹ ni, ìyá. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè yọ ojú náà. A sì lè gé ẹran yẹn kúrò, ká wá fi ìtànṣán pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Ojú lè wà níbẹ̀ o, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé yóò ríran.”

Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́.

Màmá mi wá láti Alákijà lọ́jọ́ kejì. Wọn ò tiẹ̀ jókòó.

“Bùkọ́lá, ṣé torí ẹwà lo fẹ́ fi kú? Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí n ṣáà rí ẹ.”

“Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa yọ ojú yín, Mà.”

Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kó tó kúrò lẹ́nu mi. Màmá gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹran náà, àárọ̀ ọjọ́ tí ìtọ́jú ìtànṣán bẹ̀rẹ̀, àwọn ni mo bá lẹ́nu géètì wa, tí wọ́n ti múra.

Ìtànṣán yìí dà bí iná tí ojú kì í rí. Ó máa ń ba jẹjẹrẹ jẹ́ kó má lè pọ̀ sí i mọ́, àmọ́ ó máa ń jó ibi tó yí i ká pẹ̀lú. Wọ́n fi ike tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná bò mí lójú títí tó fi gba ìrísí ojú mi, tó sì le. Òun ni wọ́n ń fi dè mí mọ́ tẹ́búlù lójoojúmọ́ kí orí mi má baà mì. Gbogbo wọn á jáde, ilẹ̀kùn á tì, ẹ̀rọ á máa kùn. Kò ro mí lára. Ìdánìkanwà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìrora dé. Awọ ojú mi di dúdú, ó ń bó. Irun ìpéǹpéjú mi ń já sára táwẹ̀lì. Bí mo bá ṣẹ́jú, bí ẹni pé iyanrìn ló wà níbẹ̀.

Nínú yàrá ìdúró, Bọ̀dá Mùfú, awakọ̀ akẹ́rù kan láti Mazamaza, ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ojú ni jẹjẹrẹ tiwọn wà. “Àǹtí Tíṣà,” wọ́n á ní, “ẹ jẹ́ á ṣáà máa wá.” Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi jókòó sílé, tí mo ń ro ohun tó lè máa hù lójú mi. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, mi ò rí Bọ̀dá Mùfú. Mo béèrè wọn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ máa bọ̀, ó ti kàn yín.” Orí tẹ́búlù yẹn ni mo ti sunkún, omi ojú sì ń ta mí lábẹ́ ike.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ìtọ́jú ti parí. Àwọn àyẹ̀wò kò rí jẹjẹrẹ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń padà lọ, tí n kì í sì í lè jẹun lọ́jọ́ tó bá ṣáájú. Ojú náà wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Ó máa ń gbẹ, mo sì ń kán oògùn sí i láràárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá Màmá ló tọ̀nà. Ẹni tí ẹran bá hù sójú rẹ̀, tí kò lọ, kó má ṣe ohun tí mo ṣe. Kó tètè lọ rí dókítà.

Mo ń dúpẹ́, àmọ́ ọpẹ́ mi kì í ṣe ti ariwo. Ara yìí ò padà sí bó ṣe wà. Ó kàn ń gbé mi lọ bó ṣe lè gbé mi mọ ni. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá á rọra yí sí ọ̀tún mi, síhà ibi tí mi ò ti rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á sì di apá mi mú. Wọn kì í fi í sílẹ̀ títí a ó fi sọdá títì.