Bẹ́líìtì Tí Ọkọ Mi Tú

Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn tùràrí, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo máa ń rí: ẹsẹ̀ láìwọ bàtà, eruku pupa Òkè-Àgbò lára rẹ̀, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níwájú mi. Nígbà náà ó ṣì ń rìn. Òun a dá orin, èmi a gbè é, sùtánà àwa méjèèjì a máa tàn yòò nínú oòrùn àárọ̀. Olùkọ́ ni wá ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì rò pé ìwé tí a jọ kà yóò gbà wá lọ́wọ́ ohun gbogbo. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìjọ wa lọ ṣe àpéjọ ní Àbújá lọ́dún kan, wòlíì wa sì ní bàálù la ó wọ̀ padà sí Èkó. Òjò ti ṣú. Bí bàálù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i pé ilẹ̀ ṣì jìnnà sí wa jù, eré wa sì pọ̀ jù. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Wòlíì tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó dìde, ó ní kí gbogbo ọmọ ìjọ kúnlẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jókòó. Ọkọ mi tú tirẹ̀. Mo di sùtánà rẹ̀ mú.

“Dádì, ẹ jókòó. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó jókòó.”

“Fi mí sílẹ̀, Mọ́mì. Wòlíì ló sọ̀rọ̀.”

Bàálù já lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó tún ta sókè, ó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sáré kọjá òpin ọ̀nà rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Èmi tí mo jókòó, ojú bẹ́líìtì nìkan ló bó mi níkùn. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ mi ṣẹ́. Ara rẹ̀ ni wòlíì ṣubú lé. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wòlíì fara pa.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wòlíì yìí kan náà dúró níwájú pẹpẹ, ó ní àdúrà òun ló gbé bàálù dúró, ṣùgbọ́n Jónà kan wà nínú ọkọ̀ tí kò kúnlẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Awà-Ìjẹ̀bú, ó jókòó ti àga onítáyà àbúrò rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ìwé àkàjù ló ń ṣe ọ́.” Ọkọ mi gbọ́, ó yí ojú sí ògiri. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé bàálù ga jù, ó yára jù, ó sì yẹ kí awakọ̀ gbé e padà sókè, kó yí po, kó tún wá bà dáadáa. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Awakọ̀ kò padà. Wòlíì náà kò sì tíì padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Jónà rẹ̀ títí di òní.

Ọkọ mi padà ní tirẹ̀. Nígbàkígbà tí ọmọ wa bá ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n bá ti gbé e jókòó tì mí tán, yóò na ọwọ́ kọjá, yóò fa bẹ́líìtì mi, yóò so ó, yóò tún fà á wò bóyá ó le. Ọdún púpọ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wòlíì kọjá níwájú ilé mi nínú ọkọ̀ ìjọ, ó nawọ́ àdúrà sí mi láti ojú fèrèsé. Bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀.

Ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa. Tí mo bá wọ ọkọ̀ báyìí, èmi ni mo ń so tèmi; ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ ná, kí n tó nawọ́ sí i.