Òkun Kọ́ Ló Sin Ọkọ Mi

Ó dìgbà o! Ó dìgbà tí òkè Ìkẹ́rẹ́ bá ṣí nídìí kí n tó tún gbọ́ ohùn rẹ, Gbénga ọkọ mi. Ikú, o ò wo ojú ìyàwó tuntun. O ò jẹ́ kí aṣọ tí mo fi wọlé ọkọ ṣá lára mi kí o tó ní kí n wọ dúdú. Igi tí mo fẹ̀yìn tì ti wó. Mo dà bí ẹyẹ tó ń fò kiri nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí kò mọ ẹ̀ka tó máa bà lé.

Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi ní ṣókí. Jẹ́ẹ́sì tuu ni mo ti kúrò nílé ìwé, gààrí ni mo ń yan ní Ìsẹ̀ kí o tó fẹ́ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí gbogbo ìjọ máa kà. Àwọn kan tiẹ̀ ní òkú ọ̀dọ́ kì í ní ìwé ètò ìsìnkú, pé kí a sin ọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó dé etí Yèyé, ìyá rẹ, nítorí wọn kò sí níbi tó ti ṣẹlẹ̀, wọn kò sì ní sí níbi tí a ó ti sin ọ́ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé omi ló gbé Gbénga. Ẹ ò tíì gbọ́ bó ṣe padà wálé.

Gbénga, ọmọ abẹ́ àpáta, ọkùnrin gàgàrà tí ń jó irin mọ́ irin tí ẹnu wọn kò ní yà mọ́! Ta ni kò mọ ilẹ̀kùn tí o ṣe ní Ìkẹ́rẹ́? O kì í rí irin nílẹ̀ kí o rékọjá, bó ti wù kó dógùn-ún tó. O máa ń sọ pé, "Irin kì í kú. Ibi tó máa jókòó sí ló ń wá." Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ kún fún páìpù àti àjákù irin, tí Yèyé bá sì pariwo pé ejò máa sá sábẹ́ wọn, wàá ní kí ejò náà kọ́ iṣẹ́.

Ìwọ ni ohùn mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí àlùfáà bi mí bóyá mo gbà ọ́, ètè mi mì ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Wọ́n tún bi mí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo dá wọn lóhùn: "Ó ti gbà, sà. Èmi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ jìnnà." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí yín, etí rẹ ni mo ń sọ ọ́ sí, ìwọ a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi tí mi ò tiẹ̀ lè pe orúkọ rẹ. "Bọ̀ọ̀dá" ni mo ń pè ọ́. Wàá ní, "Ṣé àbúrò mi ni mo fẹ́ ni?" Èmi a sì sá wọ ilé ìdáná.

Láti kékeré rẹ lo ti ń wí pé o fẹ́ fojú rí òkun. Nígbà tí òjò dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ, o ní àkókò ti tó, kí àwa méjèèjì lọ kó tó di pé ọmọ dé. O jó páìpù pọ̀ di àgọ́ tó ń ká kò, o fi tápólì aláwọ̀ búlúù bò ó, o sì dì í sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. O ní ẹni tó bá sun ilẹ̀ ìlú ló mọ ìlú, pé òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù: "Gbénga, irin wo lo fẹ́ lọ jó nínú òkun?" O ní, "Mo fẹ́ lọ jó etí rẹ̀ mọ́ ti Ìkẹ́rẹ́ ni, kí ẹ̀yin ọ̀lẹ lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó." Yèyé di uṣu àti epo fún wa, wọ́n gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Wọ́n ní, "Ulé ni kí ẹ padà sí o." O rẹ́rìn-ín: "Yèyé, níbo la tún fẹ́ padà sí?"

Ìsẹ̀ la kọ́kọ́ dé. O ta àgọ́ sí àgbàlá bàbá mi, bàbá sì jáde, wọ́n wò ó títí. "Ẹ̀yin àna mi, ṣé ẹ ní ọmọ mi kò ní yàrá nílé yìí ni?" O dọ̀bálẹ̀ gbalaja, o ní, "Ó ní o, bàbá. Èmi ni mi ò ní." Mi ò gbọ́ kí bàbá mi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Èmùré, a ta á sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ìwé kan. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko dúró, wọ́n ní ajíhìnrere ìjọ wo nìyí. O ní ìhìn rere ìgbéyàwó la ń wàásù, àwọn náà sì kó àgbàdo sísun fún wa, wọ́n ní kí a gbàdúrà fún àwọn ọmọbìnrin wọn tí kò tíì rí ọkọ. O gbà á, lóòótọ́ ni mo ń wí. Èmi ni mo ṣe àmín.

A dé Ọ̀wọ̀, a rìn yí ààfin ńlá yẹn ká títí ẹsẹ̀ fi dùn wá. A gun òkè Ìdànrè dé ibi tí àwọn àgbà wọn gbé láyé àtijọ́. Lókè níbẹ̀ lo fi ọwọ́ lu àpáta, tí o ní àbúrò òkè Ìkẹ́rẹ́ ni. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri bínú gidi. "Bùọ̀dá, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n yín!" Ẹ jiyàn náà dé ìsàlẹ̀, ẹ sì dì mọ́ra kí ẹ tó pínyà. Mo rò nínú ara mi pé, Olúwa, ṣé bí gbogbo ayé mi ṣe máa rí nìyí? Mo ti ń dúpẹ́ ṣáájú.

Láti Ọ̀rẹ̀ a gba Òkìtìpupa dé Ìgbókọ̀dá, a fi ọkọ̀ wa síbẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé kan létí òkun. O dúró sórí yanrìn, omi ń hó títí dé ibi tí ojú wa mọ. Nígbà tó pẹ́, o ní, "Àṣé ilẹ̀ ń parí."

Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni àwa mọ̀. Ní ilé wa, bí òjò bá dá lóṣù kẹjọ, odò a fà, iyanrìn etí rẹ̀ a gbẹ, ọmọdé a sùn síbẹ̀. Ohun tí o fi wo òkun nìyẹn. O rí yanrìn tó le, tó tẹ́ bí ẹní, o ní ibẹ̀ ni àgọ́ wa máa wà. Baba àgbàlagbà kan tó ń ran àwọ̀n sọ fún ọ pé, "Ọmọ mi, gbé ilé rẹ wá sókè níbí." O kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. O ní, "Ẹ ṣeun, baba. Òjò ti dá, omi ti fà." Baba ní, "Ó fà ni. Kò lọ." Àwa méjèèjì rò pé àwàdà àgbà ni.

Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti yọ. Mo ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí omi wọlé sí wa lẹ́sẹ̀. Kí n tó dìde ó ti dé orúnkún. O gbé mi, o gbé mi bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, o gbé mi gun òkè yanrìn. Àwa méjèèjì là, Yèyé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. A ti là. O wá bojú wẹ̀yìn, o rí àgọ́ rẹ tó ń lọ. O ní, "Irin mi!" O sì sá padà.

O dì í mú. Mo rí i tí o dì í mú, tí o ń rẹ́rìn-ín sí mi. Omi kún inú tápólì, ó wú bí ikùn, ó sì wọ́ ìwọ àti irin lọ pa pọ̀. Mo pariwo orúkọ rẹ. "Gbénga! Gbénga!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá o gbọ́. Àwọn apẹja fò sómi, wọ́n ṣe gudugudu méje yààyàà mẹ́fà, wọ́n fà ọ́ jáde, wọ́n tẹ̀ ọ́ láyà títí ó fi rẹ̀ wọ́n. O ti lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le sí mi nìyí. Àwọn àgbà abúlé péjọ lábẹ́ abà tí wọ́n tẹ́ ọ sí. Baba aláwọ̀n ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àánú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, pẹ̀lẹ́. Ẹni tí omi bá gbé, etí omi la ń sin ín sí. Bí a bá gbé e kúrò, omi a máa wá a." Mo pe àwọn àgbà wa nílé lórí fóònù. Àwọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é, pé kí n gba ohun tí wọ́n bá wí, ọmọdé ni mí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí àṣà ṣe wà ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ti mú ṣọ́bìrì. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi láti sọ ọ̀rọ̀ náà sí ọ létí, kí o bá mi sọ ọ́. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ sin.

Mo kúnlẹ̀. Ẹnìkan ní, "Sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́ ọ." Mo sì sọ ọ́ sókè. Mo ní:

"Ẹ̀yin baba mi, ẹ ní omi ló ni ín. Ẹ̀yin náà lẹ gbà á lọ́wọ́ omi. Bí ẹ bá sin ín sétí rẹ̀, ẹ ti dá a padà fún un nìyẹn. Ní ìlú tiwa, ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi bí, a ò sì tíì bímọ. Èmi nìkan ló kù tó máa ro ibẹ̀, tí koríko ò fi ní bò ó. Yanrìn yín yìí ń rìn, mo ti rí i. Bó bá rìn, níbo ni n ó dúró sí sunkún? Ẹ fún mi ní ọkọ mi. Àpáta ilé wa kì í rìn."

Baba ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyá rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀?" Mo ní, "Lóòótọ́ ni, baba. Kò gbọ́dọ̀." Ìyá kan tó ń yan ẹja bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí bó ṣe di ẹsẹ̀ òkú mú. Ta nínú yín ló fẹ́ já a?" Baba bá ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Wọ́n da ọtí sétí omi, wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní èdè wọn. Wọ́n fi omi kànga wẹ̀ ọ́ kí iyọ̀ òkun má bàa tẹ̀ lé ọ, wọ́n gbé ọ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí n má bojú wẹ̀yìn. N kò bojú wẹ̀yìn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn náà rí àkúfà.

Awakọ̀ kan ní Ìgbókọ̀dá bá wa wa ọkọ̀ rẹ. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú rẹ. Gbogbo ọ̀nà tí a gbà lọ pẹ̀lú ẹ̀rín la gbà padà. Nígbà tí àpáta Ìkẹ́rẹ́ yọ lókèèrè, mo ṣí aṣọ díẹ̀ lójú rẹ. Mo ní, "Gbénga, ulé rè é."

Yèyé, òní ni a ń sin ín. Ẹ̀yin máa wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, èmi ni n ó tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí n padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Ìsẹ̀, pé kí ni ìyàwó tí kò ní ọkọ, tí kò ní ọmọ, tún ń wá. Mo fẹ́ sọ ọ́ sókè níhìn-ín, níwájú ìjọ, pé mi ò fẹ́ lọ. Bí ẹ bá gbà mí, ẹ̀yin ni ìyá mi. N ó máa yan gààrí mi lẹ́yìn ilé yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ mi, ẹ ò ní bi mí ibi tí mo lọ, èmi náà ò ní sọ. Ẹ ó kàn mọ̀ pé ó wà níbì kan, pé ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé ibẹ̀ mọ́. A ó sì jọ jẹun.

Gbénga, akíkanjú tó gbé mi kúrò nínú omi, ọkùnrin tó gbọ́ mi nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́! Mo gbàgbọ́ pé a ó tún ríra. Títí di ìgbà náà, ilẹ̀ gbígbẹ ni mo tẹ́ ọ sí, láàárín àwọn èèyàn rẹ. Na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa. Sùn re o, ọkọ mi. Gbénga, sùn re.

Ìyàwó rẹ.